Ìdájọ́ Gbemre àti Shell (2005): Àyẹ̀wò Èdè Ẹ̀bẹ̀ àti Èdè Àṣẹ

1.0 Ìfáárà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2005, Adájọ́ C. V. Nwokorie ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní ìlú Benin dá ẹjọ́ kan tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá ààlà Nàìjíríà. Jonah Gbemre ni ó pe ẹjọ́ náà, fún ara rẹ̀ àti ní orúkọ àwọn ará Iwherekan ní Ìpínlẹ̀ Delta. Àwọn tí ó pè lẹ́jọ́ ni iléeṣẹ́ Shell Petroleum Development Company, NNPC tí í ṣe iléeṣẹ́ epo ti ìjọba, àti Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀. Ilé-ẹjọ́ sọ pé gáàsì tí wọ́n ń jó dànù ní Iwherekan ń tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ sí ìwàláàyè àti sí iyì ọmọ ènìyàn lójú mọ́lẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá iná náà dúró.

Oríṣi èrò méjì ni ó gbilẹ̀ lórí ìdájọ́ yìí. Àwọn kan, pàápàá àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká àti àwọn onímọ̀ òfin ní ilẹ̀ òkèèrè, kà á mọ́ àwọn ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ àyípadà ojú ọjọ́ ní àgbáyé. Àwọn mìíràn sọ pé ìwé lásán ni, nítorí pé iná tí ilé-ẹjọ́ ní kí ó kú kò kú. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń wo orúkọ tí ìdájọ́ náà ní. Àwọn ti ẹ̀yìn ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n nínú wọn kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ọ̀rọ̀ inú ìdájọ́ náà wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe nìyẹn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé agbára ẹjọ́ Gbemre àti àìlera rẹ̀ wà nínú èdè tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ àti èdè tí wọ́n fi pàṣẹ. Àti pé ohun tí ó dára jù lọ nínú ẹjọ́ náà kì í ṣe àṣẹ oṣù Kọkànlá tí gbogbo ayé ń yìn, bí kò ṣe àṣẹ kékeré kan tí ó tẹ̀lé e ní oṣù Kẹrin ọdún 2006, tí ènìyàn díẹ̀ ń mẹ́nu bà.

2.0 Iná náà àti ibi méjì tí aburú rẹ̀ ń dé

Gáàsì kan wà tí ó máa ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀. Iléeṣẹ́ tí ó ń wa epo lè dá a padà sínú ilẹ̀. Ó lè fi í pèsè iná mànàmáná. Ó sì lè tà á. Owó àti ẹ̀rọ ni gbogbo ìwọ̀nyí ń béèrè. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ fún un ni pé kí ó dáná sun ún ní ẹnu páìpù. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní ọdún 1956, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí òkèèrè ní ọdún 1958, ọ̀nà ìrọ̀rùn yìí ni ó wọ́pọ̀ jù. Ọdún 1999 ni ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ tó kó gáàsì olómi kúrò ní Bonny, èyí tí ó túmọ̀ sí pé fún ogójì ọdún ó lé kan, epo nìkan ni ó ń lọ sí ọjà òkèèrè, tí gáàsì ń di èéfín.

Ibi méjì ni aburú iná yìí ń dé. Aburú ìtòsí ni ti ooru, ìmọ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òru dúdú, èédú tí ń bà sórí aṣọ àti oúnjẹ, afẹ́fẹ́ olóró, àti òjò tí ń jẹ páànù. Aburú ọ̀nà jíjìn ni ti carbon dioxide àti gáàsì methane tí iná kò jó tán, tí wọ́n ń gòkè lọ dara pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ gbogbo ayé tí wọ́n sì ń mú kí ayé gbóná. Láàárín ogún ọdún, agbára methane láti mú ayé gbóná ju ìlọ́po 80 ti carbon dioxide lọ bí ìwọ̀n wọn bá jẹ́ ọgbọọgba. Ẹni tí ó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ iná mọ aburú ti ìṣáájú lára. Aburú kejì kò ní àdúgbò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ láti fi lóye ohun tí ẹjọ́ Gbemre ṣe àti ohun tí kò ṣe.

3.0 Òfin tí ó dènà tí ó sì ṣílẹ̀kùn

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọdún 1979 lórí dídá gáàsì padà sínú ilẹ̀ sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1984, iléeṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jó gáàsì dànù mọ́ láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Mínísítà. Ẹni tí ó bá ka òfin yìí ní kíákíá yóò rí ìdènà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé gbólóhùn tí ó ru ìdènà náà ni ó ru ìyọ̀ǹda. Àwọn ìlànà ọdún 1984 àti àtúnṣe tí ó tẹ̀lé wọn la ọ̀nà ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀ kedere: irú ibi ìwapo tí ó lè gbà á, ìwé ẹ̀rí tí Mínísítà yóò fún wọn, àti owó tí wọn yóò san.

Iye owó náà ni ó yẹ kí olùṣelámèyítọ́ dúró lé lórí. Kọ́bọ̀ 2 ni wọ́n dá lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀-bàtà kúbíìkì gáàsì ní ọdún 1985. Ní ọdún 1998, wọ́n sọ ọ́ di náírà 10. Nínú èdè Yorùbá, ìyàtọ̀ wà láàárín owó ìtanràn àti owó oníbodè. Ìtanràn ni ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ń san kí ó má baà tún ṣẹ̀ mọ́. Owó oníbodè ni ohun tí arìnrìn-àjò ń san kí ó lè kọjá, tí yóò sì tún san nígbà tí ó bá ń padà bọ̀; kò sí ẹni tí ó ń bá a wí pé ó kọjá. Ìtanràn ni òfin pe owó yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbodè ni ó ń ṣe. Iléeṣẹ́ tí ó bá ro ó wò yóò rí i pé sísan kọ́bọ̀ 2 sàn ju kíkọ́ ẹ̀rọ tí yóò dá gáàsì padà sínú ilẹ̀ lọ. Ìṣirò ni ó pinnu bí iná náà ṣe pẹ́ tó, kì í ṣe ìkà nìkan.

Ibí yìí ni ìdájọ́ Gbemre ti gba oyè rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́. Adájọ́ kò sọ pé iléeṣẹ́ rú òfin ọdún 1979. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó sọ nìyẹn ni, ìwé ìyọ̀ǹda kan ṣoṣo ni ìbá tó láti fi dá a lóhùn. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn abala òfin náà àti ìlànà ọdún 1984 tí ó fàyè gba jíjó gáàsì lòdì sí Òfin-Ìpìlẹ̀, wọn kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí Agbẹjọ́rò Àgbà, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò láti tún òfin náà ṣe. Ẹjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí iná kan ní abúlé kan di ẹjọ́ lórí ìyọ̀ǹda tí ó wà fún gbogbo iná.

4.0 Èdè ẹ̀bẹ̀: láti àyíká dé inú èémí

Ọgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ hàn nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹra fún ìlẹ̀kùn tí ó ti tì. Abala 20 Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n orí kejì ìwé náà ni ó wà, abala 6 sì ti sọ pé ilé-ẹjọ́ kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni tẹ̀lé ohun tí ó wà ní orí náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá sí ilé-ẹjọ́ tí ó ń ké pé "àyíká mi ń bàjẹ́" yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn agbẹjọ́rò Gbemre kò ké bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú abala 33 lórí ìwàláàyè àti abala 34 lórí iyì ọmọ ènìyàn, wọ́n sì fi ẹsẹ 4, 16 àti 24 Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn tì wọ́n lẹ́yìn, àdéhùn tí Nàìjíríà ti sọ di òfin ilé. Ẹsẹ 24 àdéhùn náà kan náà ni Ìgbìmọ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti lò ní ọdún 2001 láti dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ogoni.

Ìyípadà tí èyí mú bá èdè ẹ̀bẹ̀ kò kéré. Nínú ìwé ìbúra wọn, kò sí ìwé ìmọ̀ nípa igbó tàbí ẹyẹ. Àìsàn èémí, ikọ́ fée, ikú àìtọ́jọ́, omi mímu, páànù orí ilé àti irè oko ni wọ́n kà sílẹ̀. Ara ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní ojú adájọ́, afẹ́fẹ́ kúrò ní ohun tí ó wà ní ìta, ó di ohun tí ń wọ inú ènìyàn tí ó sì ń jáde. Ẹ̀tọ́ láti wà láàyè di ẹ̀tọ́ láti mí, ẹ̀tọ́ láti mí sì béèrè pé kí ohun tí wọ́n ń mí símú má jẹ́ oró. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni, kò sì sí èyí tí ó fò nínú wọn.

Àléébù kan bá ọgbọ́n yìí rìn. Ìlànà ìjà-fún-ẹ̀tọ́ ti ọdún 1979 ni wọ́n fi pe ẹjọ́ náà. Ìwé ìbúra ni ìlànà yìí gbára lé. Kì í ṣe ẹjọ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò ti dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí tí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì yóò sì máa wádìí rẹ̀ lẹ́nu wò. Èyí mú kí ẹjọ́ yára, oṣù díẹ̀ ni ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ó mú kí ìdájọ́ kúrú, kí àlàyé rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Adájọ́ gba ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún, ó sì dá a padà ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kò jìnnà sí ti ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó ń wá ibi tí ó ti wọn ẹ̀rí kan mọ́ òmíràn kò ní rí púpọ̀.

5.0 Ohun tí ó wà nínú ẹ̀bẹ̀ tí kò sí nínú àṣẹ

Àwọn olùpẹ̀jọ́ mẹ́nu ba àyípadà ojú ọjọ́. Wọ́n sọ nínú ìwé ìbúra pé carbon dioxide àti methane tí iná náà ń tú jáde ń kún ohun tí ń mú ayé gbóná. Nígbà tí ó di ìgbà àṣẹ, ọ̀rọ̀ yìí ti pòórá. Àyíká tí ó mọ́, tí kò ní oró, ni àṣẹ náà sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn tí wọ́n ń ka Gbemre mọ́ ìṣẹ́gun lórí àyípadà ojú ọjọ́ ń fi ohun tí ó wà nínú ẹ̀bẹ̀ ṣe ohun tí ó wà nínú ìdájọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò ṣe é gbójú fò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ 21 pe ìjọba wọn lẹ́jọ́ ní ọdún 2015 lórí ìlànà epo, èédú àti gáàsì, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Juliana. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pé ewu náà jẹ́ òtítọ́, pé ìjọba sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó lé wọn jáde, ó ní ohun tí wọ́n ń béèrè ju agbára adájọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbé gbogbo ayé wá sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kò sì lè gbé e. Iná kan ni àwọn ará Iwherekan gbé wá. Adájọ́ lè nawọ́ sí i pé, "Ẹ pa á." Bí wọ́n bá gbé ojú ọjọ́ síwájú, bóyá wọn ì bá má rí nǹkan kan gbà.

Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n iye tí ó ná wọn kò kéré. Àṣẹ tí ó dúró lórí aburú ìtòsí kò lè rìn jìnnà sí ibi tí aburú náà wà. Ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Okùnfà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, omi òkun tí ń ga sí i sì wà lára wọn. Ará Ayétòrò tí ilé rẹ̀ ti di ti omi kò lè nawọ́ sí iná kan pàtó pé èyí ni ó lé òun kúrò nílé. Èdè tí ó gba ará Iwherekan là kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: iná tí wọ́n ń pa lẹ́jọ́ nítorí èémí abúlé kan ń jó ilé ẹlòmíràn tí kò tilẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí.

6.0 Èdè àṣẹ: "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" àti ọjọ́

Àṣẹ oṣù Kọkànlá sọ pé kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti dá iná dúró. Ọ̀rọ̀ yìí le létí, ṣùgbọ́n ó rọ lọ́wọ́. "Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" kò ní òní, kò ní ọ̀la. Kò sọ ẹni tí yóò wá jíṣẹ́, kò sì sọ ohun tí yóò mú lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ kò dá owó gbà-má-bínú kankan fún àwọn ará ìlú, kò sì dá owó ẹjọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e kò pàdánù nǹkan kan ní ojúmọ́ ọjọ́ kejì. Kí ọdún náà tó parí, àwọn olùpẹ̀jọ́ ti padà sí ilé-ẹjọ́ láti sọ pé àwọn iléeṣẹ́ náà ń tàpá sí àṣẹ.

Àfiwé pẹ̀lú ẹjọ́ Urgenda ní Netherlands mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ ìlú The Hague pàṣẹ fún ìjọba ibẹ̀ pé kí ó dín èéfín orílẹ̀-èdè náà kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sí ti ọdún 1990, kí ọdún 2020 tó parí. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ẹ̀tọ́ ìwàláàyè ni àwọn náà gùn lé, gẹ́gẹ́ bí ti Gbemre. Ìyàtọ̀ ni pé àṣẹ wọn ní iye, ó sì ní ọjọ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣírò rẹ̀ kí ó sọ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n lọ sí The Hague kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ilé-ẹjọ́ ìlú Benin fúnra rẹ̀ kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2006, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún àyè, Adájọ́ Nwokorie fún wọn títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2007, ó sì so ìdè mọ́ ọn: kí wọ́n máa jíṣẹ́ fún ilé-ẹjọ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn ọ̀gá àgbà wọn sì fara hàn fúnra wọn ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2006 pẹ̀lú ìlànà bí wọn yóò ṣe máa pa iná náà ní ìpele ìpele. Ìfàsẹ́yìn ni àwọn kan pe àṣẹ yìí, nítorí pé ó fún wọn ní ọdún kan sí i. Bí wọ́n bá kà á gẹ́gẹ́ bí èdè àṣẹ, ìlọsíwájú ni. Ó ní ọjọ́, ó ní ìgbésẹ̀, ó sì ní ènìyàn tí wọn yóò bi léèrè. Ó pààrọ̀ ìbínú fún ìṣirò, ó sì sọ iléeṣẹ́ tí kò lójú di ọkùnrin tí yóò dúró níwájú adájọ́.

Ohun tí ó tẹ̀lé e bani nínú jẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn àwọn àjọ tí ó ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn, nígbà tí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún pé, kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀, kò sí ìlànà kankan, wọ́n sì ti gbé adájọ́ náà lọ sí ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ mìíràn. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ilé-ẹjọ́ kò fẹ́ sùn. Wọ́n gbé ẹni tí ó ń ṣọ́nà kúrò.

7.0 Lẹ́yìn Gbemre

Irúgbìn ẹjọ́ náà kò kú tán. Ní ọdún 2009, wọ́n tún ìlànà ìjà-fún-ẹ̀tọ́ ṣe, ó sì gba ẹgbẹ́ àti àjọ láàyè láti pe ẹjọ́ nítorí ará ìlú. Ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ lórí omi odò tí epo bàjẹ́ ní Acha, Ìpínlẹ̀ Abia. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ jáde. Abala 34 rẹ̀ fún adájọ́ ní agbára láti dá ohun tí ó ń ba àyíká jẹ́ dúró, láti fi ipá mú òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ojúṣe rẹ̀, àti láti san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ìyà jẹ. Ohun tí ó sọnù nínú Gbemre, ìyẹn ojú ọjọ́ àti owó, ti ní ibi tí ó lè dúró sí.

Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda ọdún 1979 náà kò kú. Òfin Epo Rọ̀bì tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 fi ìjìyà sórí jíjó gáàsì, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, tàbí bí àjọ alábòójútó bá yọ̀ǹda, tàbí bí ó bá jẹ́ nítorí ààbò. Ìlànà ọdún 2018 ti sọ owó náà di dọ́là 2 lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀-bàtà kúbíìkì fún àwọn tí ó ń wa epo púpọ̀. Oníbodè ti gbówó lé e, ṣùgbọ́n ibodè ṣì ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Shell parí títa iléeṣẹ́ tí í ṣe olùjẹ́jọ́ kìíní nínú ẹjọ́ yìí fún Renaissance. Àṣẹ tí kò ní ọjọ́ lè pẹ́ títí tí ẹni tí wọ́n pa á fún yóò fi yí ọwọ́ padà.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé àwọn tí ń yìn ìdájọ́ Gbemre àti àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú ń wo ibi kan náà, ìyẹn àṣẹ oṣù Kọkànlá, tí wọ́n sì ń fi àṣẹ oṣù Kẹrin sílẹ̀. Iyì ti àkọ́kọ́ ni pé ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iléeṣẹ́ nìkan, ó gbé e lé òfin tí ó ń yọ̀ǹda lórí, ó sì fi èémí ènìyàn ṣe ẹ̀rí. Àìlera rẹ̀ ni pé ó fi ojú ọjọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìbúra, ó sì fi "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" sí ipò tí ó yẹ kí ọjọ́ wà. Àṣẹ oṣù Kẹrin tún àléébù kejì ṣe. Kò sí ẹni tí ó tún ti ìṣáájú ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò tí yóò lo òfin ọdún 2021 kò ṣòro. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Iwherekan ti ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni adájọ́ ti lè rí i. Kí wọ́n má dúró níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè nínú àṣẹ, kì í ṣe nínú ìwé ìbúra nìkan, iye gáàsì tí yóò dín kù, ọjọ́ tí yóò dín kù, àti orúkọ ipò ẹni tí yóò wá jíṣẹ́. Kí wọ́n sì béèrè pé bí adájọ́ kan bá lọ, kí èkejì gba ìwé náà láti ibi tí ó dé dúró. Iṣẹ́ kékeré ni àwọn nǹkan wọ̀nyí lójú ẹni tí ń wá ìdájọ́ tí ayé yóò máa ròyìn. Lójú ẹni tí ń mí afẹ́fẹ́ Iwherekan, àwọn gan-an ni ìdájọ́.